Ọjọ́ Tó Ń Bọ́ Lẹ́yìn: Ìyá Ìbejì Fẹ́ Tún Káàdì PR Rẹ̀ Gbà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ojú ìwé yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nígbàkígbà tí ìwé yìí bá jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Winnipeg ni mò ń gbé. Ọjọ́ 18, oṣù Kìíní, 2020 ni èmi àti ọkọ mi gúnlẹ̀ sí Kánádà pẹ̀lú PR wa, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ìlú náà títí, oyún sì wà nínú mi. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni mo bí ìbejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi l'Ábẹ́òkúta. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọkọ mi ń ṣe, èmi nìkan ni mo ń dá wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ méjì, èmi náà sì ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyá mi bí. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, 2020, mo kó àwọn ọmọ, mo gba ilé lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi sọ́kàn. Ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, 2023 ni mo tó padà.

Ìyá mi kú ní oṣù Kẹfà 2024. Èmi àti ọkọ mi jọ lọ sin wọ́n. Ọjọ́ 5, oṣù Keje la kúrò níbí, ọjọ́ 28 la padà wọlé. Ọkọ mi ti di ọmọ ìlú Kánádà láti oṣù Kẹrin ọdún náà. Ọmọ ìlú ni àwọn ìbejì náà, torí ibí ni mo bí wọn sí.

Ọjọ́ 27, oṣù yìí ni ọjọ́ káàdì mi máa tán. Mo jókòó ka ọjọ́ tí mo ti lò nílùú yìí títí di òní, ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, 2025, ó jẹ́ 738. Wọ́n ní 730 ló yẹ kéèyàn ní. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ kí káàdì tuntun lè tètè dé, nítorí oṣù Keje la fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan ìyá mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ kọ ìrìnàjò ìsìnkú yẹn sínú fọ́ọ̀mù, kí ọjọ́ mi lè pọ̀ sí i. Òmíràn ní níwọ̀n bí àwọn ọmọ mi ti jẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n máa ka gbogbo ọdún tí mo lò nílé mọ́ ọn fún mi. Ọkàn mi ò balẹ̀, Màmá. Ṣé ọjọ́ 8 tó lé yẹn tó?

Ìyá Ìbejì, Winnipeg

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú wọn náà, torí ọdún mẹ́ta lẹ́bàá aláìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ má fi ìwé yẹn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ dé etí yín kí n tó máa ṣàlàyé. Ọjọ́ yín kò pé 738. Kò tilẹ̀ tíì pé 730.

Ẹ ò mọ ìṣirò tì o. Ọjọ́ tí ẹ gúnlẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yẹ̀. Òfin Kánádà, ní abala 28, ní kí ẹni tó ní PR ti lo ó kéré tán ọjọ́ 730 nílùú láàárín ọdún 5. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 5 tó gúnlẹ̀ lè máa kà láti ọjọ́ tó dé. Ẹ̀yin ti pé ọdún 5 láti ọjọ́ 18, oṣù Kìíní tó kọjá. Láti ìgbà náà, ọdún 5 tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa wò, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti jáde kúrò nínú ìṣirò. Ẹ rántí aṣọ ìbora tí kò gùn tó èèyàn. Bí ẹ bá fà á sókè kó bo èjìká, ẹsẹ̀ á yọ síta. Gígùn aṣọ náà kì í yí padà. Bí ilẹ̀ òní ṣe mọ́ tó bo ọjọ́ kan lókè, ọjọ́ kan ti yọ síta nísàlẹ̀.

Mo mú kàlẹ́ńdà, mo bá yín kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀ lónìí, ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, 2020 ni aṣọ ìbora yín ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 46 tí ẹ lò láti ìgbà tí ẹ gúnlẹ̀ títí di ọjọ́ 3, oṣù Kẹta ọdún náà ti yọ síta. Láti ibẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ lọ sílé jẹ́ 223. Láti ìgbà tí ẹ padà dé ní 2023 títí di òní, tí a bá yọ ọjọ́ 22 tí ẹ fi wà nílé fún ìsìnkú, jẹ́ 469. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 692. Ó ku 38.

Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn: “Ó dáa, màá dúró fún ọjọ́ 38, ìyẹn oṣù kan àti díẹ̀, màá wá fi sílẹ̀.” Kò ní rí bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọjọ́ tó ń yọ síta nísàlẹ̀ aṣọ lásìkò yìí, ọjọ́ tí ẹ wà nílùú ni. Ẹ jèrè ọ̀kan lónìí, ẹ pàdánù ọ̀kan láti oṣù Kẹta 2020. Ẹ jèrè ọ̀kan lọ́la, ẹ tún pàdánù ọ̀kan. Ní oṣù Kàrún-ún, 692 náà ni. Ní oṣù Kẹjọ, 692 náà ni. Títí di ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá ọdún yìí, ojú kan náà lẹ máa wà, bí ẹ ò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò ní Winnipeg. Láti ọjọ́ 13 ni ìsàlẹ̀ aṣọ á ti bọ́ sórí àkókò tí ẹ wà l'Ábẹ́òkúta, tí kò sí ohun tí ẹ máa pàdánù mọ́. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á wá di èrè gidi. Ọjọ́ 19, oṣù Kọkànlá, 2025 ni ẹ máa pé 730 géérégé.

Ẹ má sì tìtorí pé ó pé géérégé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Brampton ni mo dé sí ní 2008, mo sì ń lọ bọ̀ láàárín ibí àti Èkó nítorí ọjà aṣọ mi. Ní 2014 mo ka ọjọ́ mi sínú ìwé àjákọ olójú-ewé 60, mo fi bírò pupa kọ ìgbà tí mo jáde, mo fi aláwọ̀ búlúù kọ ìgbà tí mo wọlé. Ó jẹ́ 733. Inú mi dùn. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, mo ti lẹ ẹnu àpò ìwé pa, àdírẹ́sì Sydney ní Nova Scotia tí à ń fi í ránṣẹ́ sí nígbà náà ti wà lójú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń nu eruku ara àwòrán tó wà lára ògiri pálọ̀. Àwòrán ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ni, èmi nìyẹn nínú gèlè aláwọ̀ ọsàn, ọjọ́ tí wọ́n yà á sì wà ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà pupa tíntín. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Houston! Mi ò kọ Houston sílẹ̀ rárá, torí kò sí òǹtẹ̀ rẹ̀ nínú páàsìpọ́ọ̀tù mi. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo padà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mi ò fi sí nílùú. Mo yọ 4 kúrò nínú 733, ó ku 729.

Ọjọ́ kan péré ni mo fi kùnà, mo sì ti fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ. Mo ya àpò ìwé náà lóru yẹn. Oṣù mẹ́ta ni mo tún dúró kí n tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ní tèmi, àkókò tí mo wà l'Ékòó ló ń yọ síta nísàlẹ̀ aṣọ, nítorí náà gbogbo ọjọ́ tí mo dúró ló wọlé fún mi. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè tí mo gbà kó fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́jọ lé. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 2026, ọjọ́ yín á jẹ́ 787. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dé.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi ìrìnàjò ìsìnkú pamọ́, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Láti oṣù Kẹfà 2020 ni CBSA, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè, ti ń rí àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó bá bá bàálù jáde nílùú yìí. Ìgbà tí ẹ lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà lè wà níbẹ̀, ti ìsìnkú náà sì wà níbẹ̀. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù yìí ní orúkọ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, ó lè gba PR lọ́wọ́ èèyàn, kó sì tún ti ilẹ̀kùn Kánádà mọ́ ọn fún ọdún 5. Ìyẹn burú ju ọjọ́ tí kò pé lọ fíìfíì. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé ṣì ní ẹnu láti fi ṣàlàyé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrìnàjò yẹn gan-an ló lè ṣe yín lóore. Òfin ní bí ẹni tó ní PR bá wà lókè òkun pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú Kánádà, kí wọ́n ka ọjọ́ yẹn fún un bí ẹni pé ó wà nílé. Ọkọ yín ti di ọmọ ìlú ní oṣù Kẹrin 2024, oṣù Keje lẹ jọ lọ, ẹ jọ wà níbẹ̀, ẹ sì jọ padà. Ọjọ́ 22 yẹn ṣeé béèrè fún. Ààyè wà fún un nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ so ìwé ìgbéyàwó yín mọ́ ọn, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ yín ti di ọmọ ìlú, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin méjèèjì àti ojú ewé páàsìpọ́ọ̀tù tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí wọ́n bá gbà á, 714 lẹ ní lónìí, ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá lẹ sì máa pé 730. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ torí pé òótọ́ ni, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ Kánádà dá dúró láìsí i.

Ti ọdún mẹ́ta Abẹ́òkúta yàtọ̀. Ọkọ yín wà ní Winnipeg, ẹ̀yin wà lọ́dọ̀ Màmá, kò tíì di ọmọ ìlú nígbà náà sì ni. Ti àwọn ìbejì náà kò lè ràn yín lọ́wọ́. Òfin gbà kí ọmọ tó tẹ̀ lé òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú rí ọjọ́ kà, kò gbà á fún òbí tó tẹ̀ lé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ọ̀rọ̀ yìí ti kó sí wàhálà, torí ó dún bí ohun tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ìrántí ọdún kan. Ó wù mí kí n rí ọ̀nà mìíràn sọ fún yín. Ẹ má lọ. Mo mọ bó ṣe rí kí wọ́n máa ṣe ìrántí ìyá ẹni kéèyàn má sí níbẹ̀, kí ó jẹ́ orí fóònù lèèyàn á ti máa wo aṣọ tí wọ́n wọ̀, kí ẹ̀gbọ́n ẹni sì máa sáré gbé fóònù káàkiri kó lè ráyè rí ibojì. Ọkọ yín lè lọ ṣojú fún yín, torí páàsìpọ́ọ̀tù Kánádà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ ní oṣù Keje, káàdì yín ti kú, bàálù kò sì ní gbé yín padà láìsí káàdì. Ẹ máa ní láti béèrè ìwé ìrìnnà àwọn tó ní PR láti ọ̀hún, owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 50, wọn ò sì ní fún yín kí wọ́n tó ka ọjọ́ yín. Bí wọ́n bá kà á tí kò pé, ọjọ́ 60 lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òfin gbà kí ẹni tó bá ti wà ní Kánádà láàárín ọjọ́ 365 tó ṣáájú gba ìwé padà wá dúró de ẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ lẹ máa bá wọlé. Àwọn ìbejì á wà níbí, ẹ̀yin á sì máa ka ọjọ́ lọ́hùn-ún. Ẹ má tiẹ̀ bá wọn lọ ra ọjà ní Grand Forks, bí ẹ bá ní físà Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, bí ẹ bá lọ tí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ yẹn kò dín, torí ọjọ́ tí èèyàn jáde àti ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n ń kà fún un. Ìbéèrè ẹ̀ṣọ́ ibodè lójú ọ̀nà àbọ̀ ni mò ń bẹ̀rù fún yín.

Kí ni kẹ́ ẹ ṣe nígbà tí káàdì bá kú? Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Káàdì ló máa ń kú, PR kì í bá a kú. Ẹ̀tọ́ yín láti gbé, láti ṣiṣẹ́ àti láti gba ìtọ́jú kò lọ síbì kankan. Títí tí ìjọba bá fi òǹtẹ̀ lù ú pé ẹ ti pàdánù rẹ̀, olùgbé ìlú ni yín. Ìrìnàjò nìkan ni òkú káàdì ń dí lọ́wọ́.

Tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀ lónìí pẹ̀lú 692 ńkọ́? Ẹ lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ojú àánú wò ó. Òfin gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ yín sì dáa: àìsàn Màmá, ọmọ ọwọ́ méjì, ìwé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni ìpinnu wà. Bí kò bá gbà, ó lè kọ ìròyìn abala 44 nípa yín, ìyẹn ìwé tó ń sọ pé ẹ ti rú òfin PR, láti ọjọ́ tó bá sì ti kọ ọ́, wọn ò ní ka ọjọ́ mìíràn mọ́ ọn. Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ síwájú dé ibi tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ jáde nílùú, ọjọ́ 30 lẹ sì máa ní láti pe ẹjọ́. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, nígbà tó jẹ́ pé jíjókòó síbi tí ẹ wà lásán á mú ọjọ́ yín pé kí ọdún tó parí? Bí ohun tó le bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ rìn, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà imigíréṣọ̀n, tàbí agbaninímọ̀ràn tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ College of Immigration and Citizenship Consultants. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Fọ́ọ̀mù ni mo máa ń bá àwọn èèyàn wò nínú ìjọ wa.

Ẹ fi oṣù mẹ́wàá yìí kó ẹ̀rí jọ. Ẹ kọ̀wé sí CBSA fún àkọsílẹ̀ ìwọlé àti ìjáde yín. Lábẹ́ òfin àṣírí ẹni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi í wé tíkẹ́ẹ̀tì àti páàsìpọ́ọ̀tù, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Ẹ tọ́jú T4 yín, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń kọ owó tí ẹ gbà lọ́dún, ìwé owó orí, ìwé ilé tí ẹ háyà, ìwé ilé ìwé àwọn ìbejì, ọjọ́ tí ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ fi díẹ̀ lé ni wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè jù. Fọ́ọ̀mù IMM 5444 lẹ máa lò, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti lè fi í sílẹ̀, dọ́là 50 ni owó rẹ̀. Àdírẹ́sì Kánádà nìkan ni wọ́n ń fi káàdì ránṣẹ́ sí.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò lónìí. Ẹ ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, 2023 lẹ padà. Ṣé ọjọ́ tí bàálù gbéra ní Èkó nìyẹn ni, àbí ọjọ́ tí ẹ balẹ̀ sí Kánádà? Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbéra, tí ilẹ̀ sì mọ́ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú gbogbo iye tí mo kọ sókè yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn á ṣì wà nínú ímeèlì yín. Ẹ wò ó, kẹ́ ẹ kọ̀wé padà sí mi.